Fídíò ìpàdé okòwò tó ń jáde tààrà: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Ṣàngó àti gbogbo Ìbàdàn mọ̀

Nígbà kan rí, bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ kí aráyé rí ayẹyẹ tàbí ìpàdé rẹ̀ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, àfi kó tọ iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán lọ, kó san owó gidi, kó sì fara mọ́ àsìkò tí wọ́n bá fún un. Lóde òní, ẹni tó ní fóònù àti dátà lè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó, kí ẹni tó wà ní Bódìjà, ní Èkó tàbí ní London sì máa wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní láìfù. Gbígbé fídíò jáde tààrà ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe dé ojú àmì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ló ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ rí: alága ń la ẹnu, a kò gbọ́ ohun tó ń sọ, àwòrán dúró gbagidi nígbà tí wọ́n fẹ́ kéde ọ̀rọ̀ pàtàkì, iná lọ, gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni, a lè fi rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìpàdé àwọn tó fi owó wọn sínú iléeṣẹ́, tàbí ìfilọ́lẹ̀ ọjà tuntun, ẹ̀rín kọ́ ni yóò jẹ́ fún ẹni tó ni ín.

Ohun mẹ́rin ló gbé iṣẹ́ yìí ró: ohùn tó mọ́ gaara, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tó ju ẹyọ kan lọ, iná tí kò ní í lọ lójijì, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti gbé gbogbo ètò náà yẹ̀ wò kí ọjọ́ tó pé. Kámẹ́rà olówó ńlá wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn mẹ́rin yìí ló ń bọ̀.

ÌBÀDÀN KÒ ṢÀJÈJÌ SÍ IṢẸ́ YÌÍ

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kúnlé Ọlásopé àti Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams wà lára àwọn tí ojú wọn kọ́kọ́ hàn lórí ẹ̀rọ náà. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀ sórí tépù ṣì jẹ́ ohun tuntun lágbàáyé, ó sì wọ́n gógó. Nítorí bẹ́ẹ̀, tààrà ni ọ̀pọ̀ ètò amóhùnmáwòrán ń lọ. Bí ẹnu bá ṣì sọ, kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà fi ń dán ohun gbogbo wò kí àsìkò tó tó. Ẹ̀rọ ti yí padà láti ìgbà náà wá, òfin iṣẹ́ náà kò yí padà. Ẹni tó bá ń gbé fídíò jáde láti gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ṣàngó lónìí wà ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà ní Agodi lọ́dún 1959: ohun tó bá ti jáde ti jáde.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI LE LÁTI ỌDÚN 2020

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, tí ìjọba fòfin de àpéjọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àjọ CAC tó ń fi orúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹta ọdún náà pé kí àwọn iléeṣẹ́ lè ṣe ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba aṣojú. Àwọn onípìn-ín yòókù kò lè wà níbẹ̀; ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n máa wo ìpàdé náà láti ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iléeṣẹ́ àti àjọ, tó gba iléeṣẹ́ aládàáni láyè láti ṣe ìpàdé gbogbogbòò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n ìgbà tó bá ti bá ìwé òfin iléeṣẹ́ náà mu. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, ó tún fọwọ́ sí àtúnṣe tó nasẹ̀ àyè náà dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí gbogbo ènìyàn lè ra ìpín ìdókòwò nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtumọ̀ èyí fún ènìyàn kan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ṣàngó, tó ra ìpín ìdókòwò díẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò ní láti wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá mọ́ kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohùn alága ketekete, tàbí tí àwòrán dá dúró nígbà tí wọ́n ń ka èrè ọdún, a ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Fídíò tó ń jáde lórí YouTube tàbí Facebook kò dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún pẹ́, ó sì lè tó ọgbọ̀n. Bí alága bá béèrè pé ta ló tako àbá, tó ka ọwọ́, tó sì lu òòlù, ẹni tó wà nílé lè má tíì gbọ́ ìbéèrè náà. Nítorí náà, ìpàdé tí àwọn tó wà nílé yóò ti dìbò nílò ohun èlò mìíràn tó ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dìbò, irú bíi Zoom, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó wọlé. Fífi ìpàdé hàn yàtọ̀ sí fífún ènìyàn ní ohùn nínú ìpàdé. Ẹni tó gbà iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ kó tó dárúkọ iye owó.

Ọ̀NÀ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Nígbà tí a bá ń ra dátà láti fi wo fídíò, bí nǹkan ṣe ń yára wọlé sórí fóònù ni à ń wò. Ẹni tó ń gbé fídíò jáde, bí nǹkan ṣe ń yára jáde kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì sí i. Àwọn méjèèjì kì í dọ́gba, ti ìjáde ló sì sábà máa ń kéré. Kí ẹni tó ń dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n ìwọlé tàn án jẹ.

Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba, tí wọ́n ń pè ní 720p, ń fẹ́ bíi mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó mọ́ jù ú lọ, 1080p, ń fẹ́ bíi 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ dátà bíi gígábáìtì 1.8 ní wákàtí kan. Ìpàdé wákàtí mẹ́ta yóò jẹ nǹkan bíi 5.4. Bó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 6 ni, wákàtí mẹ́ta yóò jẹ 8.1. Kí a ra ìlọ́po méjì ohun tí ìṣirò bá sọ, nítorí ìdánwò náà ń jẹ dátà, ìpàdé kì í sì í parí ní àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé. Bákan náà, ìwọ̀n ìjáde tí a bá rí nígbà ìdánwò gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí fídíò náà ń fẹ́. Bí kò bá tó o, ó sàn kí a lo 720p tó ń lọ geere ju 1080p tó ń dá dúró lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo. Ní ọjọ́ ìpàdé, ọgọ́rùn-ún márùn-ún àlejò yóò wọlé pẹ̀lú fóònù wọn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn yóò sì máa lò. Ohun tó sáré bí ehoro lánàá á wá máa rìn bí ìgbín. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ mìíràn níbẹ̀, ní irú wákàtí tí ìpàdé yín yóò wáyé, kí ẹ sì dán an wò nígbà náà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí gbọ̀ngàn bá ní íntánẹ́ẹ̀tì okùn fáíbà, kí ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ẹ má gbára lé Wi-Fi tí gbogbo àlejò ń lò. Kí ẹ tún ní módẹ́ẹ̀mù iléeṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra nílẹ̀. Starlink tó ń gba ojú ọ̀run, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gbangba tí igi àti òrùlé kò bò, òjò ńlá sì lè dí i lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń so ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, débi pé bí ọ̀kan bá já, òǹwòran kò ní í mọ̀.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni èyí, kó rántí ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, mẹ́rin nínú àwọn okùn ńlá tó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast. Báńkì, iléeṣẹ́ fóònù àti àwọn oníbàárà wọn ní Nàìjíríà ló fara gbá a. Ẹni tó ní módẹ́ẹ̀mù méjì, tí méjèèjì gba ojú okùn kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní.

OHÙN ṢÁÁJÚ ÀWÒRÁN

Òǹwòran lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò pa fóònù rẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Máìkì tó wà lára kámẹ́rà tàbí fóònù tó jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí. Ohùn àyíká ni yóò máa gbé: ariwo fáànù, ọmọdé tó ń sunkún, fèrè ọkọ̀ láti títì. Gbọ̀ngàn tó wà lójú ọ̀nà Mọ́kọ́lá sí Ṣàngó, níbi tí ọkọ̀ èrò kì í ti í sinmi, gba ìṣọ́ra púpọ̀ lórí èyí. Bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, ariwo òjò lórí páànù lè bo ohùn alága mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ohun tó dára jù ni kí a gba ohùn tààrà láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ṣe àkóso gbogbo máìkì gbọ̀ngàn, nípasẹ̀ wáyà, wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ bá ẹni tó ń bójú tó ohùn gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má baà jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ náà lẹ ó máa wá wáyà kiri ní Dùgbẹ̀. Máìkì kékeré tí a ń fi há ara aṣọ dára fún ẹni tí yóò máa rìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ sì kíyè sí agbádá àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, nítorí wọ́n a máa gbo ara wọn mọ́ máìkì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

KÁMẸ́RÀ ÀTI ÌMỌ́LẸ̀

Kámẹ́rà méjì tó ìpàdé tó mọ níwọ̀n: ọ̀kan dojú kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èkejì ń wo gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń bọ́ láti orí kámẹ́rà kan sí òmíràn; ATEM Mini tó jáde ní ọdún 2019 sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ohun tí apá àwọn oníṣẹ́ kékeré ká. OBS Studio, ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí a kì í san owó fún, lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà bákan náà, bí kọ̀ǹpútà bá ti lágbára tó.

Bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fẹ́ lò, ẹ gbé e ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi í síbi tí oòrùn kò ti ní í pa á, kó má baà gbóná débi tí yóò fi kú. Ẹ sì dí ọ̀nà tí ìpè fi ń wọlé. Láàárín ìpàdé, ìpè ọ̀rẹ́ kan lè dá gbogbo fídíò dúró.

Ẹ má jẹ́ kí alága jókòó síwájú fèrèsé tó mọ́lẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ gba orúkọ àti oyè oníkálukú sílẹ̀ ní kíkọ, kí ẹnìkan láti iléeṣẹ́ náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ bá pe Olóyè rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ́ni níwájú gbogbo ayé kò ní í rántí bí àwòrán yín ṣe mọ́ tó.

INÁ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo okùn iná orílẹ̀-èdè yìí dákú lọ́dún 2024 nìkan, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí iná ìjọba lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà á. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù tó kú yóò lo ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kó tó padà sójú ọ̀nà. Ẹ so módẹ́ẹ̀mù, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a fi ń yí kámẹ́rà mọ́ ínfátà tàbí UPS, kí àlàfo náà má baà kàn wọ́n. Bátìrì kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kún. Ẹ ra epo ṣáájú, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí máìkì wà.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ÀTI ÌDÁNWÒ

Ní àyíká Ṣàngó, níbi tí Pólì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 wà nítòsí, tí Yunifásítì Ìbàdàn kò sì jìnnà, ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà kò wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnìkan kò lè máa di kámẹ́rà mú, kó máa gbọ́ ohùn, kó tún máa dá àwọn òǹwòran lóhùn. Ó kéré tán, ẹ ní ẹni kan fún ohùn, ẹni kan tàbí méjì fún kámẹ́rà, ẹni kan nídìí kọ̀ǹpútà, àti ẹni kan tí yóò jókòó síta gbọ̀ngàn, tí yóò máa wo fídíò náà lórí fóònù tirẹ̀ pẹ̀lú dátà tirẹ̀, bí òǹwòran gan-an ṣe ń wò ó. Ẹni ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Ẹ kọ ètò náà sílẹ̀: ta ló kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀, àwòrán wo ló máa jáde, ìgbà wo ni wọ́n máa fi fídíò mìíràn hàn. Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ ṣe ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbẹ̀, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ pa iná. Ó sàn kí àléébù fara hàn lójú àwọn òṣìṣẹ́ ju kó fara hàn lójú ayé lọ.

ÌLÀNÀ ÀTI ÒFIN

YouTube máa ń fẹ́ kí a fi nọ́ḿbà fóònù jẹ́rìí kí ó tó gba ènìyàn láyè láti gbé fídíò jáde tààrà, ìyọ̀ǹda àkọ́kọ́ náà sì lè gba wákàtí 24. Bó bá jẹ́ láti orí fóònù ni, àwọn tó ń tẹ̀ lé ìkànnì náà gbọ́dọ̀ tó 50 ó kéré tán. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, Facebook ń béèrè pé kí ojú ìwé ti pé 60 ọjọ́, kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e sì tó 100. Láti oṣù kejì ọdún 2025, Facebook sì ń pa irú fídíò bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn 30 ọjọ́. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tí kò bá sì fi ẹ̀dà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ yóò wá a tì lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ ṣọ́ra fún orin. Orin olórin tí ẹ bá ń lù nígbà ìsinmi lè mú kí YouTube tàbí Facebook pa ohùn fídíò náà, tàbí kí wọ́n dá a dúró, nítorí orin ní olówó. Òfin àṣẹ lórí iṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà náà wà lẹ́yìn olórin. Bákan náà, òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kan àwòrán ènìyàn. Ẹ lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà pé fídíò yóò jáde níta, kí ẹ sì ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ kí ojú òun hàn.

ÀDÉHÙN ÀTI OWÓ

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kó béèrè kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ti ṣe rí hàn án, pàápàá odidi ìpàdé kan, torí àgékù fídíò tó dára kò ṣòro láti rí. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò ra dátà àti epo, iye ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò wà nílẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀dà fídíò lẹ́yìn ìpàdé, àti iye tí wọ́n máa dá padà bí fídíò bá dá dúró nítorí àìmúrasílẹ̀ oníṣẹ́. Oníṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: kí a san àsansílẹ̀ fún un, kí a jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí a má sì fi ètò tuntun kún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìpàdé ti ń lọ.

Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lójijì pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹwòran máa wo òkùnkùn. Ẹ ti ṣètò àwòrán kan sílẹ̀ tó ń sọ pé a ń bọ̀ láìpẹ́, ẹ sọ fún wọn nínú ọ̀rọ̀ kíkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí alága sì dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ ìpàdé onípìn-ín ni, ẹ tún ohun tí wọn kò gbọ́ sọ kí ẹ tó dìbò. Ẹni tó wà nílé, tó ń wò yín láti Ṣàngó, wà nínú ìpàdé náà bí ẹni tó jókòó síwájú.